Ta Ló San Ẹ̀jẹ́ Bàbá Àgbà?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan yé yín kí a má bàa ṣi ara wa gbọ́. Bí mo bá pe kẹ̀kẹ́ nínú àròkọ yìí, kì í ṣe Márúwá ni mò ń wí o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ títí orúnkún á fi máa dún. Mo ní láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé gbogbo ẹni tí mo sọ fún ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé kẹ̀kẹ́ gbé mi láti Àgbádárìgì dé Ìbàdàn ló kọ́kọ́ bi mí pé èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Ogún ni kẹ̀kẹ́ náà. Raleigh dúdú kan báyìí ni, ó dàgbà ju bàbá mi lọ. Bàbá àgbà mi ló ni ín. Kátíkíìsì ni wọ́n nígbà ayé wọn, àwọn ìjọ kéékèèké inú abúlé ni wọ́n máa ń fún wọn, kẹ̀kẹ́ yìí ni wọ́n sì fi ń ti ìjọ kan bọ́ sí òmíràn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìwé àdúrà á wà nínú àpò, agogo ọwọ́ á wà lórí kárià. Nígbà tí àìsàn kan dá wọn dùbúlẹ̀ tí wọn ò lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí àwọn bá dìde, àwọn máa gun kẹ̀kẹ́ láti Àgbádárìgì níbi tí ìyìn rere ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀, àwọn á gba Èkó, àwọn á gba Aké ní Abẹ́òkúta, títí dé Kúdẹtì ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún àwọn. Ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì, láti lọ dúpẹ́.

Wọ́n dìde. Ọlọ́run ṣe tirẹ̀. Àmọ́ orúnkún ò gbà mọ́. Wọ́n ń rìn, wọn ò lè gun kẹ̀kẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń sọ pé "tó bá di lẹ́yìn òjò", lẹ́yìn náà wọ́n kú. Kí wọ́n tó kú, wọ́n ní èmi ni kí n mú kẹ̀kẹ́ náà. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ìsìnkú ni ìyá àgbà pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní: "Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fún ọ yẹn, nǹkan kan so mọ́ ọn o."

Ibi tí ìbéèrè mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣé ẹni tó jogún kẹ̀kẹ́ ló jogún gbèsè orí rẹ̀? Lọ́dọ̀ àwọn baba wa, ìdáhùn rẹ̀ ò le. Ẹni tó jogún oko jogún gbèsè oko. Bàbá lè yáwó fi sin òkú, kí ó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ náà á máa jí lọ sí oko olówó, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, owó gan-an á ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Ọmọ yẹn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ka owó. Ayé ìwọ̀fà ti kọjá, ẹ má dá mi lóhùn pé ó ti kọjá, mo mọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé èmi náà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá àgbà ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Síbẹ̀ mo lọ. Àwa méjì la jọ lọ. Ẹnì kejì mi ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan, ó ní kí n má dárúkọ òun. Kì í ṣe ọmọ Áńgílíkà rárá, Sẹ̀lẹ́ ni. Kò jẹ́jẹ̀ẹ́ kankan, bàbá àgbà mi ò sì bá a tan. Nígbà tí ìyá mi ń pariwo pé ajínigbé pọ̀ lójú ọ̀nà, òun ló dá wọn lóhùn pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, pé àwa jọ ń lọ ni. Ó lọ yá kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ onígíà lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, ó ra lẹ́ẹ̀mọ́ àti rọ́bà tí a fi ń lẹ táyà, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Èmi tí mo ni ẹ̀jẹ́ ò kọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹta ìrìn náà ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Ní Àgbádárìgì a rí ibi tí igi Àgíà wà, níbi tí Thomas Birch Freeman ti wàásù ní 1842. Igi náà ti wó láti 1959, òpó ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. A rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n kọ́ ní 1845. A sùn ní Èkó. Ohun tí mo rántí jù láàárín Èkó sí Abẹ́òkúta ni hóònù tírélà.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé, a dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì Píítà Mímọ́ ní Aké, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843. Ní 1846 ni òun àti Samuel Àjàyí Crowther wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ilé tó dúró níbẹ̀ lónìí, 1898 ni wọ́n parí rẹ̀. Ọdún 1846 yẹn náà ni Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Mo dúró, mo ro ó. Kì í ṣe ìyá ló wá lọ. Iṣẹ́ ìjọ ló bá lọ, ìyá sì wà lójú ọ̀nà.

Bàbá kan ń gbálẹ̀ níbẹ̀. A kí wọn, wọ́n súre fún wa, wọ́n wá wo Raleigh mi tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin wà ni?" Wọn ò parọ́. Láti 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń kó èrò láti Èkó gba Abẹ́òkúta dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, á ti jẹ àmàlà n'Ìbàdàn kí kẹ̀kẹ́ wa tó dé ìdajì ọ̀nà. Bó bá ṣe pé dídé ni Ọlọ́run ń fẹ́, kí ló burú nínú rélùwéè? Ọ̀rẹ́ mi náà bi mí bẹ́ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé kì í ṣe dídé ni bàbá àgbà ṣèlérí. Ohun tí àìsàn gbà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi jẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣèlérí. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e fi dùn mí.

Láti Aké dé Kúdẹtì, á tó bí i kìlómítà 75 sí 80. Ọ̀nà àtijọ́ la gbà, Òṣíẹ̀lẹ̀, Ọ̀dẹ̀dá, Olódó, Bákàtàrì, Omi-Adió, Àpáta. Ní Òṣíẹ̀lẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pàtẹ́wọ́ fún wa, wọ́n ń pe Raleigh mi ní jẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ibẹ̀, àwọn típà tó ń kó òkúta wẹ́wẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta bẹ̀rẹ̀ sí fi eruku wẹ̀ wá. Ọ̀rẹ́ mi ń fà sẹ́yìn. Mo dúró dè é lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo jágbe mọ́ ọn pé ṣé kì í ṣe òun ló ní gíà ni. Kò dáhùn. Nígbà tí a dé Ọ̀dẹ̀dá, ó sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó lọ jókòó lábẹ́ àtíbàbà ìyá kan tó ń ta bọ̀lì. Oòrùn ń ta, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná bí ààrò. Ibà ni.

Ìyá náà fún un lómi, wọ́n bọ́ ìborùn wọn, wọ́n fi bò ó. Wọ́n bi mí ibi tí à ń lọ. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, bàbá àgbà, ẹ̀jẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pé ìyá àgbà ti ń dúró dè mí n'Ìbàdàn, pé lọ́la ni a máa ṣe ìdúpẹ́ ní Kúdẹtì. Mùsùlùmí ni ìyá yìí, tẹ̀sùbáà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀pà. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n yí bọ̀lì sódì kejì. Wọ́n ní:

"Ẹ̀yin náà ń bá òkú ṣe é? Àwa náà ń bá òkú ṣe Hájì. Àmọ́ ẹni tó bá máa bá òkú ṣe é, á kọ́kọ́ ṣe tara ẹ̀ ná. Ṣé ìwọ ti ṣe tìẹ?"

N ò mọ èyí tí ń jẹ́ tèmi.

Ọ̀rẹ́ mi ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Baba, máa lọ jàre. Bó o bá dúró, ilẹ̀ á ṣú bá ọ lọ́nà. Mà á wọ mọ́tò padà sí Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi." Ó na lẹ́ẹ̀mọ́ àti rọ́bà sí mi. "Gba ẹ̀yí. O ò mọ̀ ọ́n lò ṣá."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo wo aago. Mo wo ọ̀nà. Mo ní kí ìyá bá mi bá a dá mọ́tò dúró, mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ pàápàá, mo sì gun kẹ̀kẹ́ mi. N ò dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí mo ṣe ń lọ, mo gbọ́ tí ìyá náà ń sọ lẹ́yìn mi, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, pé: "Ọlọ́run tó ń lọ bá n'Ìbàdàn yẹn, ṣé kò sí l'Ọ́dẹ̀dá ni?"

Ó kù ju kìlómítà àádọ́ta lọ. Èèyàn tó bá dá nìkan wà lórí kẹ̀kẹ́ á ronú, ó fẹ́, ó kọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni Mọrèmi. Gbogbo wa la ti ka ìtàn yẹn, à ń pe Mọrèmi ní akíkanjú, akíkanjú ni lóòótọ́. Òun ló lọ sẹ́bàá odò Ẹsinmìrìn, òun ló lanu jẹ́jẹ̀ẹ́. Ta ló san án? Olúorogbo. Mo wá rántí Jẹ́fútà nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 11. Ó ní ohun tó bá kọ́kọ́ jáde wá pàdé òun láti ilé òun, òun á fi rúbọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jáde, pẹ̀lú ìlù àti ijó. Bíbélì ò tilẹ̀ dárúkọ ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ ló lórúkọ.

Mo sọ èyí fún ẹnì kan ní kíláàsì wa nígbà tí mo dé, ó ní èmi ń ti ara mi lójú lásán. Ọ̀rẹ́ ẹ gbà, ó ní kó o máa lọ, ẹnikẹ́ni ò fipá mú un. Ọ̀rọ̀ tó lágbára ni, mo rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ Jẹ́fútà náà gbà o. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó ṣe bí ó ti wí, oṣù méjì péré ló tọrọ láti lọ sunkún lórí òkè. Gbígbà tó gbà ò sọ ọ́ di ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹni tó ní kí n máa lọ, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ìfẹ́ rẹ̀ kì í ṣe owó tí mo lè kó ná sí ibi tó bá wù mí. Mo lè fi ẹsẹ̀ tèmi san gbèsè bàbá àgbà, kódà bí wọn ò bi mí. Ibi tí ọwọ́ mi ò dé ni láti fi ara ẹlòmíràn san án. Bó ṣe yé mi nìyí.

Ẹlòmíràn ní Oníwàásù orí 5 ti kìlọ̀ pé ó sàn kí èèyàn má jẹ́jẹ̀ẹ́ ju kó jẹ́ ẹ kó má san án. Òótọ́ ni. Ẹni tó lanu ló ń bá wí. Ẹ tún lọ ka Númérì orí 30. Níbẹ̀, bàbá lè fagi lé ẹ̀jẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ọkọ lè fagi lé ti ìyàwó rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá gbọ́ ọ, Olúwa á sì dárí jì í. Ó túmọ̀ sí pé àwọn tó kọ òfin yẹn mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ ẹnì kan máa ń já sí ọrùn gbogbo ilé. (Kò sí ibi tí ìyàwó ti lè fagi lé ti ọkọ. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé obìnrin inú ẹgbẹ́ wa, mo fi èyí sílẹ̀ fún yín.)

Ní Olódó mo pe fóònù rẹ̀, ó dún, kò gbé e. Kí n tó dé Bákàtàrì, táyà ẹ̀yìn jò. Mo yọ lẹ́ẹ̀mọ́ àti rọ́bà, mo lẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Mo tún lẹ̀ ẹ́, ó tún ṣí. Bí ó ṣe wí náà ni, n ò mọ̀ ọ́n lò. Mo fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ lọ títí mo fi rí ẹni tó ń lẹ táyà, ó bá mi ṣe é, kò gbowó nígbà tó gbọ́ ibi tí mo ti ń bọ̀. Gbogbo èèyàn ló ń san nǹkan lọ́jọ́ náà, àfi èmi.

Ọ̀nà tí mò ń gbà yẹn ti di rí. Nígbà ogun Ìjàyè tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìbàdàn wà lódì kejì, wọ́n sì dí ọ̀nà. Ìyìn rere kan náà ni wọ́n ń wàásù ní Aké àti ní Kúdẹtì. Ní Kúdẹtì, David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna, tí wọ́n jọ dé síbẹ̀ ní 1853, ò rí ohunkóhun gbà láti Èkó mọ́. Owó ẹyọ tán, wọ́n ń ta ẹrù ilé jẹun, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ nínú ilé. Tọkọtaya yẹn mọ ohun tí wọ́n bá Ọlọ́run sọ kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọmọ yẹn ń kọ́? Kò sí ẹni tó bi wọ́n kí oúnjẹ tó wọ́n.

Mo gba Àpáta, Dùgbẹ̀, Òkè-Àdó, Mọ̀lété. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé Kúdẹtì. Mo fọwọ́ kan géètì ṣọ́ọ̀ṣì Dáfídì Mímọ́, mo dúró pé bóyá nǹkan kan máa ṣe mí. Itan mi ń gbọ̀n, ìyẹn nìkan. Fóònù mi wá dún, àtẹ̀jíṣẹ́ ni: "Mo ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo dákú lẹ́yìn tó o lọ. Ìyá yẹn palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n gbé mi lọ sí ìlera, wọ́n san 4,500. Ara ti ń yá. Ṣé o ti débẹ̀?"

Lọ́jọ́ kejì ìyá àgbà wọ aṣọ funfun, wọ́n jó lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n ní kí ìjọ bá àwọn yọ̀ pé ẹ̀jẹ́ ọkọ àwọn ti san. Gbogbo èèyàn ń wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo jókòó sí àga, mo ń rò ó pé owó bọ̀lì ló wà nínú ìdúpẹ́ yìí, owó ìyá tí kò tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí.

Nírọ̀lẹ́ mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo rò pé wọ́n máa bá mi wí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá rẹ́rìn-ín.

"O jọ wọ́n," ni wọ́n wí.

Wọ́n wá sọ ohun tí n ò gbọ́ rí fún mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bàbá mi wà lọ́mọ ọdún méjì, gìrì mú un. Bàbá àgbà ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìjọ kejì, kò sí ẹlòmíràn nílé. Ìyá àgbà pọ̀n ọ́n, wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti àárọ̀ títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn. Ọmọ náà yè. Bàbá àgbà dé lálẹ́, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, wọ́n ní ìwàásù ọjọ́ náà wọ ìjọ lọ́kàn gan-an.

"Ẹ ò bínú, Ìyá?"

"Mo se iyán fún wọn," ni wọ́n wí. Wọ́n dìde lọ wo ìkòkò.

Ọ̀rẹ́ mi àti èmi ṣì jọ ń gbé yàrá kan. Kò bá mi bínú, ìyẹn tún wá jẹ́ ìyọnu tirẹ̀. Bí ẹ bá bi mí pé bí ọjọ́ yẹn bá tún padà, ṣé mà á dúró, n ò lè fi Bíbélì búra. Ìyá àgbà mi wà lódì kejì ọ̀nà, wọ́n ti ju 80 lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwa méjèèjì wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀dẹ̀dá pẹ̀lú 4,500 nínú ápólóòpù, a tún ra ìborùn kan kún un. A ò bá ìyá náà. Ọmọbìnrin wọn kan ló ń yí bọ̀lì, ó ní ìyá òun lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jà oko, pé òun ò mọ ìgbà tí wọ́n máa dé, bóyá ìrọ̀lẹ́, pé a lè fi ohun tí a bá mú wá sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wò mí. A ra bọ̀lì mẹ́rin àti ẹ̀pà, a wá àpótí jókòó.